Àlejò Pọ̀ Ju Onílé Lọ ní Hallstatt: Ìlú Kékeré Tó Ń Bẹ Aráyé Pé Kí Wọ́n Jẹ́ Káwọn Sinmi

Pákó lásán ló dá wàhálà ọ̀hún sílẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ni wọ́n fi pákó dí ojú ibi tó dáa jù lọ létí omi nílùú Hallstatt, lórílẹ̀-èdè Ọ́síríà, níbi táwọn àlejò máa ń dúró sí láti ya fọ́tò. Ẹni tó bá débẹ̀ lásìkò náà kò rí òkè, kò rí omi, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ṣọ́ọ̀ṣì tí ṣóńṣó orí rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́, pákó ló ń wò. Kì í ṣe pé wọ́n ń kọ́lé níbẹ̀ o. Àwọn aláṣẹ ìlú ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, wọ́n ní ariwo àwọn tó ń ya ara wọn ní fọ́tò ti sú àwọn tó ń gbé àdúgbò náà.

Kíá lọ̀rọ̀ di ariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ń bí àwọn àlejò, wọ́n ní kí ló dé táwọn máa náwó wọkọ̀ òfúrufú láti ọ̀nà jíjìn, tó wá jẹ́ pé pákó làwọn máa bá níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ká pákó náà kúrò. Alexander Scheutz tó jẹ́ méyọ̀ ìlú náà ní àkọlé làwọn máa gbé síbẹ̀ dípò rẹ̀, tí yóò máa rán àwọn àlejò létí pé èèyàn ń gbé ibẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn dáadáa. Ìlú odindi ń bẹ àlejò pé kó jọ̀ọ́, kó rántí pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nínú ilé tó ń yà ní fọ́tò.

Ìlú ọ̀hún ò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2001, wọ́n lé ní 900, ṣùgbọ́n ní báyìí, iye wọn ò pé 800 mọ́. Ìpínlẹ̀ Òkè Ọ́síríà ni Hallstatt wà, lábẹ́ àgbègbè Gmunden. Òkè ńlá wà lẹ́yìn wọn, adágún omi tó jìn tó mítà 125 wà níwájú wọn. Àárín méjèèjì ni wọ́n há ilé wọn mọ́. Àyè ilé kíkọ́ kò sí nílẹ̀, ńṣe làwọn ilé náà gorí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè bí àpótí ọjà tí wọ́n tò. Ẹ̀yìn wọn lọ́hùn-ún ni òkè Dachstein wà, èyí tó ga tó mítà 2,995.

Títí di ọdún 1890, kò sí títì tó wọ ìlú náà. Ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa wọ̀, tàbí kó fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà tóóró. Nígbà tí réluwéè dé àgbègbè náà lọ́dún 1877, òdìkejì omi ló gbà. Títí di òní olónìí, ẹni tó bá wọ réluwéè lọ sí Hallstatt gbọ́dọ̀ tún wọkọ̀ ojú omi sọdá kó tó débẹ̀. Ọdún 1966 ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà gba inú òkè, kí mọ́tò lè máa kọjá láìgba àárín ìlú.

Ta ló wá ní kí wọ́n lọ tẹ̀dó síbi tó há tó bẹ́ẹ̀? Iyọ̀ ni. Inú òkè tó wà lórí ìlú náà kún fún iyọ̀, ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méje tí wọ́n ti ń wà á. Láyé tí kò sí ẹ̀rọ amómitutù, iyọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹran kó má bàa jẹrà, ẹni tó bá ní iyọ̀ lówó. Lọ́dún 2003, wọ́n rí àtẹ̀gùn onígi kan nínú ihò iyọ̀ náà. Nígbà táwọn onímọ̀ yẹ igi rẹ̀ wò, wọ́n ní ọdún 1344 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n gé e. Iyọ̀ ò jẹ́ kó jẹrà.

Àtẹ̀gùn nìkan kọ́ ni iyọ̀ tọ́jú. Lọ́dún 1734, àwọn òṣìṣẹ́ rí òkú ọkùnrin kan nínú ihò ọ̀hún, tòun taṣọ lọ́rùn, tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì sin ín, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ẹni tó wá sọ orúkọ ìlú náà di ńlá ni Johann Georg Ramsauer, ọ̀gá àwọn tó ń wa iyọ̀. Lọ́dún 1846, ó bá sàréè àtijọ́ pàdé lókè ibi iṣẹ́ rẹ̀. Dípò kó kó ohun tó wà nínú wọn tà, ńṣe ló fara balẹ̀ tú wọn wò níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ya àwòrán ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ sínú ìwé. Títí di ọdún 1863, ó ti tú sàréè 980. Idà wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, ohun ẹ̀ṣọ́ góòlù náà wà níbẹ̀. Èyí ló jẹ́ káwọn onímọ̀ ìtàn máa pe ìgbà kan nínú ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù, láti nǹkan bí ọdún 800 sí 450 ṣáájú ìbí Kristi, ní ìgbà Hallstatt.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà, iyọ̀ yìí ló bí i. Ọdún 1311 ni Ayaba Elisabeth, opó Ọba Albrecht, fún wọn láṣẹ láti máa ná ọjà. Láti ìgbà náà ni Hallstatt ti jẹ́ ìlú ọlọ́jà. Ní Ọ́síríà, oyè gidi nìyẹn, ìlú tó bá ní in ju abúlé lọ, kò sì tíì dé ipò ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ọba ò fi iyọ̀ sílẹ̀ fún wọn o. Àpò ìjọba ni owó iyọ̀ ń lọ, àwọn aláṣẹ iyọ̀ tí ọba yàn ló sì ń pàṣẹ ní gbogbo àgbègbè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín ọdún 1595 sí 1607, wọ́n gbẹ́ inú igi nǹkan bí 13,000, wọ́n so wọ́n pọ̀ bíi páìpù, wọ́n sì fi wọ́n gbé omi iyọ̀ lọ sí Ebensee, ìrìn nǹkan bí ogójì kìlómítà. Ibi tí igi tí wọ́n máa fi dáná se é ṣì pọ̀ sí ni wọ́n ń gbé e lọ.

Lọ́dún 1750, iná jó àárín ìlú náà kanlẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn ilé tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn iná yẹn wà lára ohun táwọn àlejò ń sáré lọ wò lónìí.

Nítorí pé ilẹ̀ ò sí, àwọn òkú gan-an ò ráàyè sinmi. Ibi ìsìnkú wọn kéré débi pé, láyé àtijọ́, tó bá ti tó bí ọdún mẹ́wàá tí wọ́n sin èèyàn, wọ́n á hú egungun rẹ̀ jáde káàyè lè gba ẹlòmíì. Wọ́n á sá agbárí rẹ̀ sóòrùn kó lè funfun, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n á ya òdòdó tàbí ewé yí i ká, wọ́n á sì tò ó sí ilé egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Irú agbárí bẹ́ẹ̀ lé ní 1,200 níbẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán sára èyí tó ju 600 lọ. Èyí tí wọ́n gbé wọlé kẹ́yìn jẹ́ ti obìnrin kan tó kú lọ́dún 1983, ọdún 1995 ni wọ́n tó gbé e síbẹ̀, eyín góòlù sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún 1997, àjọ UNESCO kọ orúkọ Hallstatt àti àgbègbè rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Lọ́dún 2006, wọ́n lo ìlú náà nínú eré tẹlifíṣọ̀n ará Kòríà kan, làwọn ará Éṣíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Èyí tó wá ya gbogbo ayé lẹ́nu ni ti Ṣáínà. Lọ́dún 2011, àwọn ará Hallstatt gbọ́ pé iléeṣẹ́ ńlá kan ń kọ́ ìlú tó jọ tiwọn ní Guangdong, wọ́n sì ti rán èèyàn wá ya àwòrán ilé wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá jí, tó gbọ́ pé wọ́n ti kọ́ irú ilé òun sí òdìkejì ayé, ṣé kò ní bínú? Àwọn kan bínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ìlú náà lóṣù kẹfà, ọdún 2012, méyọ̀ Hallstatt fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń bá wọn ṣàjọyọ̀. Àwọn tó rí ayédèrú wá fẹ́ẹ́ rí ojúlówó.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kọjá agbára wọn. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ gan-an, àlejò máa ń tó 10,000. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó ju àlejò méjìlá lọ fún onílé kan ṣoṣo. Àwọn ilé kan tí ìdílé ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí wọ́n ń háyà fún àlejò. Ọmọ ìlú tó fẹ́ẹ́ gbéyàwó, tó ń wá ilé, owó àlejò ló máa bá du ilé náà.

Kí wá ni kánsù wọn lè ṣe? Ní Ọ́síríà, bó ti wù kí ìlú kéré tó, ó ní kánsù tiẹ̀ àti méyọ̀ tiẹ̀. Ní Òkè Ọ́síríà, ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń dìbò, aráàlú ló sì ń fọwọ́ ara wọn yan méyọ̀. Ṣùgbọ́n kánsù tó ń ṣojú èèyàn tí ò pé 800 náà ló máa tọ́jú ìdọ̀tí, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ojú ọ̀nà tí èrò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ń lò lọ́dún. Kò sì lágbára láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀lú. Lọ́dún 2020, Scheutz sọ fáwọn oníròyìn pé ó kéré tán, àwọn fẹ́ kí àlejò dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn ò rí ọ̀nà táwọn lè gbà dá wọn dúró. Bọ́ọ̀sì nìkan lọ́wọ́ wọn tó. Láti ọdún náà ni bọ́ọ̀sì àwọn àlejò ti gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ kó tó wọ̀lú, ó sì ní wákàtí tó gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀, kó má jẹ́ pé èèyàn á kàn bọ́ọ́lẹ̀, á ya fọ́tò, á sì lọ.

Ìyẹn ò tẹ́ àwọn kan lọ́rùn. Nínú oṣù kẹjọ, ọdún 2023, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ìlú jáde pẹ̀lú àkọlé lọ́wọ́, wọ́n lọ dí ọ̀nà tó gba inú òkè. Wọ́n ní kí wọ́n fi òǹkà sí iye àlejò tó lè wọ̀lú lóòjọ́, àti pé tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí bọ́ọ̀sì kankan má wá mọ́. Ọgọ́rùn-ún lè dà bí ẹni pé ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nílùú tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò pé 800, ó ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́jọ.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí àlejò má wá rárá. Wọ́n ṣì ń wa iyọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n owó àlejò ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun báyìí. Onílé oúnjẹ, onílé ìtura, ẹni tó ń fọkọ̀ ojú omi gbé èrò, ojú àlejò ni gbogbo wọn ń wò. Kánsù náà ń gbowó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó ń sùn lókè ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan fún àlejò, ariwo àlejò yẹn náà ni ò jẹ́ kó sùn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ti àwọn ará Hallstatt ló wá le, nítorí pé àlejò tiwọn kì í tán nílẹ̀. Bí ti àná ṣe ń sọdá omi padà, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti òní ń yọ lábẹ́ òkè.