Ìgbàgbọ́ Kò Ní Kí A Má Sunkún

Bí ikú bá wọ ilé onígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó wá báni kẹ́dùn máa ń tètè sọ: “Ẹ má sunkún mọ́, ṣebí onígbàgbọ́ ni yín.” Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ibi tí wọn kò rò. Ìyá tí ọkọ rẹ̀ kú yóò gbé ẹkún mì, yóò máa rẹ́rìn-ín fún àlejò, yóò sì máa dá jókòó lóru. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú yóò ní òun gbọ́dọ̀ ṣe ọkùnrin. Kò ní jẹun, kò sì ní rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò. Kí ó tó pẹ́, ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú kan yóò tún máa gbé ẹlòmíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀fọ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀mí nìkan. Ọ̀ràn ara ni pẹ̀lú.

Ohun tí ìbànújẹ́ ń ṣe nínú ara

Ìbànújẹ́ ńlá a máa lé oorun lọ, a máa mú kí oúnjẹ korò lẹ́nu, a sì máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Àwọn oníwàádìí ti rí i pé ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, ewu àìsàn ọkàn àti ti ikú a máa pọ̀ sí i fún ẹni tó kù. Ní 1990, àwọn dókítà ilẹ̀ Japan ṣàpèjúwe àìsàn kan tí wọ́n pè ní takotsubo. Ìpayà tàbí ìbànújẹ́ òjijì ló sábà máa ń fà á: apá kan ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara yóò rọ, yóò sì wú bí ìkòkò, àyà yóò sì máa dun ènìyàn. Àwọn obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ orí ọmọ bíbí ló máa ń ṣe jù. Ara ọ̀pọ̀ wọn ń yá láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bá ní àyà ń dun òun, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má ṣe ní “ìrònú ni.” Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú Bíbélì

Jésù mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sunkún. Pọ́ọ̀lù náà kò sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má banújẹ́ rárá. Ohun tó kọ̀ ni kí wọ́n banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin méjèèjì.

Ẹ wo Èlíjà pẹ̀lú, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Ó rẹ̀ ẹ́ dé ibi pé ó ń tọrọ ikú. Áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó sì tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló tó rìn dé òkè Hórébù, níbi tí ó ti gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Oorun àti oúnjẹ ló ṣáájú ọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ orin tí a máa ń kọ níbi ìsìnkú, tó ń sọ pé ó dára fún ọkàn. Horatio Spafford, agbẹjọ́rò kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1873, ọkọ̀ ojú omi tí aya rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́rin wọ̀ rì lójú òkun Atlantic. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣòfò. Ìyá wọn nìkan ló yè. Lẹ́yìn àdánù yìí ni Spafford kọ orin náà, kò sì fi ìbànújẹ́ pamọ́ nínú rẹ̀. Kò sì dá jókòó: ó wọ ọkọ̀ kọjá òkun lọ bá aya rẹ̀.

Ohun tí ará ilé lè ṣe

1. Ẹ má bi ọlọ́fọ̀ bóyá yóò jẹun. Ẹ gbé ẹ̀kọ gbígbóná tàbí ọbẹ̀ díẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ẹ sì bá a jẹ ẹ́. Kí ẹnì kan máa rán an létí oògùn rẹ̀.

2. Kí àlejò tètè máa lọ ní alẹ́, kí ọlọ́fọ̀ lè sùn. Ẹ má fún un ní ọtí tàbí oògùn oorun tí dókítà kò kọ fún un.

3. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ni wọ́n ba nǹkan jẹ́. Àdúrà kúkúrú tó.

4. Ẹ má sọ fún ọmọdé pé òkú “rìnrìn-àjò.” Yóò máa wo ọ̀nà, ẹ̀rù yóò sì máa bà á bí ẹlòmíràn bá ń jáde. Ẹ fi sùúrù sọ òtítọ́ fún un.

5. Lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, nígbà tí ilé bá dá, ni ọlọ́fọ̀ nílò ènìyàn jù. Kí ẹgbẹ́ ìjọ pín ọjọ́ láàrin ara wọn láti máa yà kí i.

Bí ó bá ju oṣù mẹ́fà lọ tí ìbànújẹ́ náà ṣì le bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ẹni náà kò lè ṣiṣẹ́ tàbí tọ́jú ilé, ẹ mú un lọ rí dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka èyí mọ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú, nínú ìwé ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ bá òkú lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ kan. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ lójú ẹsẹ̀. Èyí kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Oníṣègùn ni Lúùkù, alábàáṣiṣẹ́ Pọ́ọ̀lù.

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ sunkún ẹni yín tó lọ. Ẹ di ìrètí àjíǹde mú. Ẹ sì jẹun kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.