Dúkìá tí Ìjọba Gbẹ́sẹ̀ Lé: Kí Ló Dé tí Àkọsílẹ̀ Rẹ̀ Fi Gbọ́dọ̀ Péye?

Ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá lè gba owó lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, kí ìjọba sì sọ ọ́ di tirẹ̀ láì fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kankan kan onítọ̀hún. Owó náà gan-an ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá lọ́dún 2006 fi jẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti $124,700. Láti ọdún 1984 ni òfin ti dá àpò pàtàkì kan sílẹ̀ fún irú owó bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tó bá lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà sì lè gbà tó ìdá 80 nínú 100. Nígbà tí ẹni tó ń gba dúkìá bá ń jẹ nínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ tó péye ló lè fi hàn bóyá ọ̀daràn ló ń lé tàbí owó.

Àkọsílẹ̀ ọ̀hún gan-an ló mẹ́hẹ. Lọ́dún 2017, ọ̀gá àgbà olùyẹ̀wò ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ yẹ ìgbà 100 tí àjọ DEA tó ń gbógun ti oògùn olóró gba owó wò. Nínú 44 péré ló ti rí i pé owó náà ran ìwádìí ìwà ọ̀daràn lọ́wọ́ tàbí pé ó tan mọ́ ọn. Ní New York, ọlọ́pàá sọ fún ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà lọ́dún 2016 pé kọ̀ǹpútà àwọn kò lè ṣe àròpọ̀ owó tí àwọn ń gbà.

Àwọn tó fara mọ́ òfin yìí ní òun ló ń ká àwọn ọ̀gá oníṣòwò oògùn olóró tó ti sá lọ lọ́wọ́ kò, àti pé ìjábọ̀ lè tú àṣírí ìwádìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́, iye owó, bóyá ẹjọ́ tẹ̀ lé e, bóyá wọ́n dá a padà àti ohun tí wọ́n ná an sí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí òfin náà bá sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, iye wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2022 náà gba ìjọba láàyè láti gba dúkìá láìsí ìdálẹ́bi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìjọba tó bá lè gba dúkìá ẹni tí kóòtù kò dá lẹ́bi jẹ ará ìlú ní ìṣirò gbogbo ohun tó gbà.