Síréènì kọ́ ni ẹ̀rí o! Bí wọ́n ṣe fẹ́ẹ́ ta 504 ‘ọlọ́pàá’ fún bọ̀dá kan l’Ókè-Odò

Ọlọ́run ló yọ bọ̀dá kan tó ń gbé lágbègbè Òkè-Odò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Díẹ̀ ló kù kí owó àjọ tíyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì. A ò ní í dárúkọ ẹ̀, torí ó ti bẹ̀ wá pé ká fi bo òun láṣìírí.

Iṣẹ́ tí bọ̀dá yìí ń ṣe ni kó máa fi ọkọ̀ àtijọ́ yá àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọkọ̀ tí ọlọ́pàá lò láyé ọjọ́un, torí àwọn onífíìmù máa ń béèrè ẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó wáá gbọ́ pé ọkùnrin kan ní Peugeot 504 tí ọlọ́pàá lò rí, tó fẹ́ẹ́ tà á, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

Ká sòótọ́, ọkọ̀ náà wuyì lójú. Búlúù ni wọ́n kùn ún, wọ́n fa ìlà yẹ́lò àti gíríìnì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ń tàn yípo lórí ẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ síréènì, làwọn ọmọdé bá sá jáde wáá wòran. Ó ní ọdún 1973 ni wọ́n to ọkọ̀ náà ní Kàdúná, pé láti tíà-rọ́bà ló ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá Èkó, wọn ò sì pààrọ̀ ohun kankan lára ẹ̀. Bọ̀dá ti kiwọ́ bàpò.

Bàbá mẹkáníìkì tó bá a lọ ló ní kó dúró ná. Bàbá ò wo iná, kò wo síréènì. Ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ọdún wo lẹ ní wọ́n tò ó?”

“1973 ni, Bàbá.”

“Ní Kàdúná?”

“Ní Kàdúná ni, sà.”

Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. “Ìgbà wo ni wọ́n ṣílé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná?”

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Lóòótọ́, ọdún 1968 ni 504 ti jáde nílẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ọdún 1972 nìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Peugeot tọwọ́ bọ̀wé, March 1975 sì nilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. 504 tó bá jẹ́ ti 1973 lóòótọ́, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Bàbá tún ní tẹ́nì kan bá gbé ọkọ̀ ọlọ́pàá Èkó ti 1970 wá, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìdarí ẹ̀ wà. Apá òsì títì la ń gbà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kejì oṣù April 1972 la tó bọ́ sápá ọ̀tún. Ìdarí ọkọ̀ tó ṣáájú ìgbà yẹn, apá ọ̀tún ló yẹ kó wà.

Bàbá ò tíì ṣe tán o. Ó fọwọ́ nu irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ara ẹ̀ ò bá èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ bọ́dì mu. Ó tún wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì 504 tó ń lo pẹtiróòlù máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, èyí tó wà níbẹ̀ nàró ṣánṣán bíi sójà. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́ wá.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ohun tó ń pariwo lára ọkọ̀ ọlọ́pàá kọ́ ló ń jẹ́rìí sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fowó gidi ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́, mọ èyí dáadáa. Ẹ mú Ford Crown Victoria tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù wọn. Iná orí ẹ̀, síréènì àti rédíò ọlọ́pàá, ẹ̀yìn tọ́kọ̀ ti kúrò ní fàkítírì ni wọ́n ń dè é mọ́ ọn. Ohun tí fàkítírì fi sí i kì í pariwo: sípíríǹgì tó le ju ti ará ìlú lọ, ohun tó ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tutù, àti mítà tó ń ka eré dé 140 máìlì ní wákàtí kan.

Nọ́ńbà 17 tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lápá dẹ́rẹ́bà ló máa ń tú àṣírí. Lára àwọn tọdún 1990 síwájú, ẹ kà á dé ìkarùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje. Tó bá jẹ́ P71, ọlọ́pàá ni Ford ṣe é fún. Tó bá jẹ́ P74, ti ará ìlú ni, bó ti wù kí síréènì ẹ̀ ké tó. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: X ni 1999, Y ni 2000. Ti Chevrolet Caprice ti 1991 sí 1996, inú búùtù ni sítíkà ẹ̀ wà, 9C1 sì ni àmì ọlọ́pàá. Àmọ́ o, P71 ò lè sọ ìlú tó lo ọkọ̀. Ìwé ló lè sọ ìyẹn.

Nílẹ̀ yìí náà, ìwé lẹ ó kọ́kọ́ béèrè. Ọkọ̀ ìjọba kì í ṣàdéédé di tẹnì kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ta á ní gbàǹjo. Ẹ gba ìwé ọ̀hún, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà inú ẹ̀ wé ti ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásí. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọkọ̀ olè ni. Fọ́tò ayé ọjọ́un tó ní déètì, àti ẹnu àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, náà wúlò. Tẹ́ ẹ bá sì rà á tán, ẹ má fi síréènì pariwo lójú títì o, òfin ò gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fi ṣe fíìmù, kó kọ́kọ́ sọ fún téṣàn àdúgbò.

Bọ̀dá Òkè-Odò yọwọ́ lápò, owó àjọ sì padà sílé láìdín kọ́bọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ò tíì mọ̀ pé owó òun rìnrìn àjò lọ bọ̀. Bí wọ́n bá ka ìwé ìròyìn yìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n ṣáà dárí jì í.