Bí Laptop Bá Ń Ké "Kẹ̀, Kẹ̀, Kẹ̀", Ẹ Tètè Kó Ẹrù Inú Rẹ̀ Jáde



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kó ìwé gbèsè àti orúkọ àwọn tó ń dá àjọ sínú laptop báyìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá fàya, èèyàn ṣì lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí hard disk bá kú ńkọ́? Oníbàárà mélòó ló máa wá sọ fún wa pé òun jẹ wá lówó?

Hard disk ni àká tí laptop ń kó gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ sí. Irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ní àwo róbótó nínú, tó ń yí bíi fáànù. Púpọ̀ nínú wọn ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tín-ín-rín kan bí abẹ́rẹ́ ló ń ka ohun tó wà lórí àwo náà láìfara kàn án. Bí laptop bá já bọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ yẹn lè ha àwo. Ohun tó bá ha kúrò, ó lọ nìyẹn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, á ti kọ́kọ́ ṣàìsàn kó tó kú. Fáìlì tó máa ń ṣí wéré á wá di ohun tí à ń jókòó dúró dè. Òmíràn ò ní ṣí mọ́ rárá. Laptop á ní òun ò rí hard disk. Lóòótọ́, kó kàn máa lọ́ra nìkan lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, tàbí kó jẹ́ pé inú rẹ̀ ló kún. Ṣùgbọ́n igbe "kẹ̀, kẹ̀" yẹn, ẹ má bá a ṣeré. Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní àwo tó ń yí, kì í ké, nítorí náà ó lè kú láìta yín lólobó.

Bí ẹ bá ti rí àmì, ẹ má tẹ nǹkan tuntun sí i mọ́. Ẹ ki flash bọ̀ ọ́, kí ẹ kọ́kọ́ kó ìwé gbèsè, kí ẹ kó ti àjọ tẹ̀ lé e. Fọ́tò ìnáwó lè dúró. Bó bá ń ké gan-an, ẹ pa á, ẹ má máa tàn án, pa á, tàn án. Ńṣe ló ń ha sí i. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ kíkó ẹrù jáde. Owó rẹ̀ kì í kéré, kò sì dájú pé gbogbo rẹ̀ ló máa jáde.

Àwọn ọmọ kan á ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká fọ́mààtì ẹ̀." Ẹ má gbà, àfi tí ẹrù bá ti jáde tán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ìdérí hard disk fúnra rẹ̀ nínú ìsọ̀, eruku bíńtín lè ba àwo náà jẹ́. Àwọn tó ń ní ká gbé e sínú fìríìsà, ìrì tó máa mú un wá tún burú ju àìsàn rẹ̀ lọ.

Ẹ má sì sáré ra laptop mìíràn. Bó bá jẹ́ hard disk nìkan ló bàjẹ́, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí, ẹ̀dà kan nínú flash nílé, kì í ṣe nínú ìsọ̀, nítorí iná àti olè. Ẹ̀dà kejì lórí Google Drive. Ti àjọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì máa ṣí flash yẹn wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí òun náà máa ń kú.