Ẹ Má Jẹ́ Kí Àìtó Áyódíìnì Ba Ọpọlọ Ọmọ Yín Jẹ́

Ẹ mọ̀ pé bí ilẹ̀ kò bá lọ́ràá, ewé àgbàdo á pọ́n, kò sì ní ga. Bẹ́ẹ̀ ni ara èèyàn náà rí. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ áyódíìnì. Èyí tí èèyàn máa lò fún àádọ́rin ọdún kò kún ṣíbí tíì kan, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, wàhálà dé.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?
Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọ̀fun tó dà bíi labalábá. Áyódíìnì ló fi ń pèsè ohun tó ń mú ọmọ dàgbà, tó sì ń mú ọpọlọ jí pépé. Bí áyódíìnì bá wọ́n, ẹ̀yà ara yìí á máa wú. Ohun tí à ń pè ní gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àsàsí.

Gẹ̀gẹ̀ kọ́ ló burú jù. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 150 lójúmọ́, aláboyún nílò 250. Bí aláboyún kò bá rí i tó, oyún lè bàjẹ́, tàbí kó bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tí kò gbọ́ràn. Èyí kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Kí ló ń fà á?
Inú òkun ni áyódíìnì pọ̀ sí. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ kúrò lórí ilẹ̀, pàápàá níbi olókè. Ilẹ̀ tí kò bá ní in, iṣu àti àgbàdo ibẹ̀ kò lè ní in tó.

Ẹ̀gẹ́ náà ń dá kún un. Ní 1966, Dókítà Ekpechi, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé ẹ̀gẹ́ lè fa gẹ̀gẹ̀. Oró inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ara rí áyódíìnì lò.

Kí ni kí ẹ ṣe?
1. Iyọ̀ oníláílọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ní áyódíìnì ni kí ẹ rà. Láti 1993 ni òfin Nàìjíríà ti sọ pé kí iyọ̀ jíjẹ ní in. Ẹ má fi iyọ̀ ẹran ọ̀sìn sebẹ̀.
2. Ẹ bo iyọ̀ dáadáa. Ẹ má gbé e sí oòrùn, ẹ má gbé e sí ẹ̀bá iná. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jinná ni kí ẹ bù ú sí i. Ẹ má sì tìtorí èyí jẹ iyọ̀ jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.
3. Ẹ má kánjú ṣe gàrí nítorí ọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sì yan án gbẹ.
4. Bí agbára bá ká a, ẹ máa jẹ ẹja òkun bíi ṣàwá àti pánlá.

Ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá ti wú, kó má sín gbẹ́rẹ́ sí i o. Ọsibítù ni kó lọ. Ẹ sọ fún àwọn ìyàwó ilé, ẹ sọ fún àwọn tó ń ta iyọ̀ lọ́jà yín pẹ̀lú.