Lítà Mélòó Lójúmọ́, Lítà Mélòó ní Wákàtí?

Omi inú ìkòkò, èèyàn lè sọ iye rẹ̀ kó sì dákẹ́: lítà 20, ó parí. Omi tó ń ti ẹnu páìpù jáde kò rí bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n dárúkọ àsìkò mọ́ ọn, nítorí lítà 20 tó jáde láàárín ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ gedegbe sí lítà 20 tó fi odidi òwúrọ̀ kán tótó. Iléeṣẹ́ omi ìjọba a máa ka tiwọn lójúmọ́. Àwọn tó ń ta pọ́ǹpù ń ka tiwọn ní wákàtí tàbí ní ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń wọn odò bí Odò Ọ̀sẹ̀ ń ka tiwọn ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá fẹ́ fi iye ọ̀kan wé ti èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ wọ́n di irú kan náà.

Ojúmọ́ kan jẹ́ wákàtí 24. Iye tí wọ́n bá kà lójúmọ́, bí wọ́n bá pín in sí ọ̀nà 24, ó di ti wákàtí. Ti wákàtí, bí wọ́n bá sọ ọ́ di ìlọ́po 24, ó di ti ojúmọ́. Bó bá ń rú ẹnìkan lójú bóyá pípín ni àbí ìsọdipúpọ̀, kó rántí pé omi wákàtí kan kò lè pọ̀ ju ti odidi ọjọ́ lọ. Ní ti odò, kúbíìkì mítà kan, ìyẹn lítà 1,000, tó bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ kúbíìkì mítà 3,600 ní wákàtí, àti 86,400 lójúmọ́.

Iléeṣẹ́ omi Adíyàn, tí wọ́n ṣí ní 1991 láti máa fún Èkó lómi, ni wọ́n kọ́ fún mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.92 gálọ́ọ̀nù ní wákàtí. Gálọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ lítà 4.546, ni wọ́n fi kà á, nítorí náà ó di mílíọ̀nù 13.3 lítà ní wákàtí. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kò ju lítà 3.785 lọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi ìyẹn ṣírò yóò sọ lítà tó lé ní mílíọ̀nù 2 nù lórí ìwé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Bí ìṣirò náà ti rọrùn tó yìí, ibi tó ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni 24 fúnra rẹ̀. Ká fi àdúgbò kan ní Ìjàgbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ló ń lo kànga ẹ̀rọ ibẹ̀. Lítà 50 lójúmọ́ fún ẹnìkan, tí kì í ṣe àṣejù rárá, yóò jẹ́ lítà 50,000. Pín in sí 24, ó di lítà 2,083 ní wákàtí, bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ṣùgbọ́n bí iná mànàmáná tàbí epo jẹnẹrétọ̀ kò bá gbà ju wákàtí mẹ́fà lọ lóòjọ́, 6 ni kí wọ́n fi pín in. Lítà 8,333 ni pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa fà ní wákàtí, ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Ìlú tó bá ra pọ́ǹpù tó bá 2,083 mu yóò rí lítà 12,500 péré lójúmọ́, ìyẹn lítà méjìlá àtààbọ̀ fún ẹnìkan.

Ohun tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù náà ń fẹ́ àkíyèsí. Lẹ́tà Q dúró fún ìṣàn omi, H sì dúró fún gíga tó lè gbé omi dé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé Q tó ga jù jẹ́ lítà 35 ní ìṣẹ́jú, ìlọ́po 60 rẹ̀ jẹ́ lítà 2,100 ní wákàtí. Àmọ́ Q tó ga jù àti H tó ga jù kì í wá pọ̀. Bí omi bá ṣe ń gòkè sí i ni ìṣàn rẹ̀ ń dínkù, títí yóò fi dúró pátápátá ní òkè téńté. Kẹ́ẹ̀gì ló ń sọ òótọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 sí ẹnu páìpù, kí wọ́n sì fi fóònù ka àsìkò. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 30, lítà 50 ní ìṣẹ́jú nìyẹn, 3,000 ní wákàtí.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré sọ 3,000 yẹn di 72,000 lójúmọ́. Kànga ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀, orí òkúta líle ni ilẹ̀ wà, inú ibi tí òkúta náà ti sán sì ni omi ń fara pamọ́ sí; ó lè ya lákọ̀ọ́kọ́, kó wá fà sẹ́yìn lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Wíwọ̀n tó dára ni èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe, kì í ṣe ti ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń pọn omi pẹ̀lú kì í tò sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí àdúgbò ìṣáájú bá ń pọn ìdajì omi rẹ̀ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, tí wọ́n ń pọn ìyókù láti aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́, lítà 12,500 ló ń jáde ní wákàtí nígbà yẹn, ìlọ́po mẹ́fà 2,083. Tánkì ló ń di àlàfo náà. Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tánkì onílítà 23,000 ti tó. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́fà láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán ni, ó di dandan kí tánkì gba lítà 50,000: ìdajì fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìdajì tó kù fún àwọn tí yóò gbé kẹ́ẹ̀gì dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí pọ́ǹpù tó jí.