Ohùn Òkè, Ohùn Ìsàlẹ̀: Bí Mo Ṣe Yọ Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ní àdúgbò wa ní Ọgbà, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ṣe mọnógíráàmù sára aṣọ iléèwé. Ẹ̀rọ wọn ti dàgbà jù mí lọ. Ibi tí wọ́n máa ń ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ tẹ́lẹ̀, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Gotek ló wà níbẹ̀ báyìí, fláàṣì ni wọ́n sì ń kì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ó ṣì gbà pé dísíkẹ́ẹ̀tì 1.44 MB ni òun ń kà, bẹ́ẹ̀ fláàṣì kan ṣoṣo ti di ọgọ́rùn-ún dísíkẹ́ẹ̀tì, láti 00 dé 99. Ọjọ́ tí mo dúró wò ó ni ọkàn mi lọ sí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

ZX Spectrum+ ni. Dádì Lọ́ńdọ̀nù, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, gbé e bọ̀ láti ìlú òyìnbó ní 1988. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 48 KB lọ, orí kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ orin ló sì ń kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Ní ọdún kejì, wọ́n jókòó ti ìyá wọn, wọ́n sì tẹ 214 ọ̀rọ̀ Èkìtì tí ìyá àgbà ń pè fún wọn, pẹ̀lú Yorùbá àjùmọ̀lò níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà ti lọ kí wọ́n tó bí mi. Kò sí ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà, ẹnikẹ́ni ò sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù.

Ẹni tó bá ti ṣe fònẹ́tíìkì kò ní pẹ́ lóye bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìró ni kọ̀ǹpútà yìí ń kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Òdo jẹ́ ìgbì kan ní nǹkan bí 2,047 Hz, ení jẹ́ ìgbì kan ní nǹkan bí 1,023 Hz: ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kò sí ohùn àárín. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ fọn fèrè gbọọrọ kan ní 807 Hz kí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ lè múra sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, báìtì kan ń bẹ tí ó fi ń yẹ ìṣirò wò. Bí ìṣirò náà kò bá bára mu, R Tape loading error ló máa kọ sójú tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní sọ ibi tó ti ṣẹ̀ fún ọ.

Ohun tí Gotek ṣe fún ẹ̀rọ mọnógíráàmù, oríṣiríṣi ohun èlò ló ń ṣe é fún kọ̀ǹpútà àtijọ́. Gotek fúnra rẹ̀ wà fún Amiga. SD2IEC ń fi mẹ́mọ́rì káàdì ṣe bí ẹni pé dísíkẹ́ẹ̀tì Commodore 64 ni. Ní ti Spectrum, divMMC wà tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí iṣẹ́ á wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. TZXDuino sì wà, tí ń ka fáìlì lórí mẹ́mọ́rì káàdì tí á sì máa ké bíi kásẹ́ẹ̀tì. Lójú tèmi, fóònù tó ní ihò ìgbọ́hùn ti tó fún ẹni tó wà l'Ékòó. Mo ra wáyà ní Ọ̀tígbà, Ìkejà, mo so fóònù mọ́ ihò EAR, ó parí. Ẹ fi fóònù sí airplane mode o: ìró WhatsApp kan ṣoṣo ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Iná náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ lò jẹ téèpù orin kan tí mo fi dán an wò. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe ti ìyá àgbà. Mo pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀, mo sì rọra yí síkúrù ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ títí ìró fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà ni mo gba ohùn náà sínú láńpútóòpù gẹ́gẹ́ bíi WAV, 44,100 Hz. Ẹ má ṣe lo MP3, ó máa ń yọ ohun tó rò pé etí kò nílò dànù. Láti inú WAV ni sọ́fítíwià kékeré kan ti ń ṣe fáìlì TAP. WAV ni ohùn, TAP ni àdàkọ rẹ̀. WAV ìṣẹ́jú márùn-ún ń sún mọ́ 26 MB, TAP rẹ̀ kò lè tó 50 KB. Síbẹ̀, ẹ tọ́jú méjèèjì: bí àdàkọ bá ṣì, ibo la ó padà sí?

Àwọn ọ̀rọ̀ náà wọlé, ṣùgbọ́n mi ò lè kà wọ́n. «Usu» jáde dáadáa. «Iṣu» tó wà níwájú rẹ̀ di «iQu». «Ulé» di «ulC», «ilé» di «ilC». Spectrum ní àyè 21 tí èèyàn lè ya lẹ́tà tirẹ̀ sí, kí o tó yà wọ́n, A dé U ló wà níbẹ̀. Dádì ya fáwẹ̀lì méje pẹ̀lú ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, ìyẹn 14. Wọ́n fi ẹ, ọ, ṣ, ń, ǹ, Ẹ àti Ọ kún un. Gbogbo àyè kún. Báìtì 168 ni àwòrán wọn, abala kejì kásẹ́ẹ̀tì ló sì wà. Abala yẹn ni kò wọlé. Ohùn tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan!

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fi òpó àjùmọ̀lò tú òpó Èkìtì. Ó kù R àti S, tí kò jáde rárá ní òpó àjùmọ̀lò. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣáájú kọ́ńsónáǹtì, mo mọ̀ pé n aláfọ̀ ni, mo sì méfò pé R ni ǹ. Níkẹyìn mo ṣí WAV nínú Praat, mo rí ibi tí téèpù ti ká, tí ìgbì sì lọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kò wo bí ìró ṣe pariwo tó, ìgbà tí ìgbì bá kọjá ìlà òdo ló ń wò. Mo gbé ibẹ̀ nìkan sókè. Ìṣirò bára mu. R ni ń.

Mo pe Dádì wá síwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ka «usu» jáde, wọ́n ka «ulé», wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí Ṣ ńlá kò fi sí níbẹ̀.

«Àyè ló tán,» wọ́n ní. «Ìyá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà yẹn.»